Abọ́ Ìyá, Ẹnu Ọmọ

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún ìkókó

(Ìlù gángan díẹ̀. Ìlù rọlẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.)

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ẹ ń fi etí kan gbọ́ rédíò, tí ẹ ń fi etí kejì ṣọ́ ìkòkò orí iná, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ má yí rédíò kúrò o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, torí ẹ̀yin lẹ ó fi owó ẹja sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín jókòó síbí lónìí, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun tí ẹ bá sọ nípa oúnjẹ ọmọ ni abẹ gé.

Ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ìkókó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ jẹ́ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ènìyàn máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú. Yóò ṣì máa mu ọmú títí yóò fi pé ọdún 2, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ wá bá ọmú ṣiṣẹ́ ni, kò wá lé e kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ní ilé ìwòsàn wa, ìyá ọmọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, òun àti Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní oṣù 6. Ebi ń pa á, ó ń ké. Màmá gba ọmọ, ó ṣí fúláàsì, ó bu ẹ̀kọ sínú kọ́ọ̀bù. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí ìgbákọ, ó fi tì í sábẹ́ ètè ọmọ, ó sì ń da ẹ̀kọ sí i. Nígbà tí ọmọ la ẹnu láti ké, ẹ̀kọ wọlé. Nígbà tó pa ẹnu dé, Màmá fi ìka dí i nímú. Ọmọ gbé e mì. Kì í ṣe ebi ló mú kó gbé e mì mọ́ o. Ó gbé e mì kó lè rí èémí mí. Kò tó ìṣẹ́jú 5, kọ́ọ̀bù ti gbẹ, ikùn ọmọ ti le bí awọ ìlù. Màmá gbá a pẹ́pẹ́. "Ó ti yó."

Ìyàwó rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn nọ́ọ̀sì ní ṣíbí ni kí á máa lò."

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣíbí? Ṣé ṣíbí ni mo fi tọ́ ọkọ ẹ dàgbà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ tí wọ́n ń wí yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, géńdé ọkùnrin tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? N kò rí èsì gidi fún Màmá lọ́jọ́ náà. Èsì yẹn ni mo gbé wá lónìí.

(Ìlù.)

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ? Oṣù 6. Nígbà kan rí, oṣù 4 sí 6 ni àwọn oníṣègùn ń sọ, ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fẹnu kò sí oṣù 6. Kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan tó o. Kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò nílò ẹ̀kọ. Omi wà nínú ọmú, àní nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ wa ṣe ìwádìí káàkiri ilé ní 2018, nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Kí ló dé tí a kò fi ní dúró di oṣù 9, tàbí tí ọmọ bá hu eyín? Ìdí kan ni ti ẹ̀jẹ̀. Láti inú oyún ni ọmọ ti ń kó èròjà irin pamọ́ sára, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Bó bá di nǹkan bí oṣù 6, àká náà ti ń gbẹ, irin inú ọmú kò sì pọ̀. Ibòmíràn ni irin gbọ́dọ̀ ti wá: inú ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà.

Ọmọ fúnra rẹ̀ á fi àmì hàn. Ọrùn rẹ̀ á ti le. Á lè jókòó bí ẹ bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn. Á máa na ọwọ́ sí ohun tí ẹ bá ń jẹ, á sì gbé e lọ sẹ́nu. Bí ẹ bá fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ kò ní í tì í síta mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tàn yín jẹ. Ẹnìkan á ní, "Ọmọ oṣù 3 mi ń wo ẹnu mi bí mo bá ń jẹun, oúnjẹ ló ń wá." Rárá o. Gbogbo nǹkan ni ọmọ oṣù 3 ń wò. Ó ń wo fáànù òkè àjà pẹ̀lú, kò sì fẹ́ jẹ ẹ́.

(Ìlù.)

Ó dáa. Ọmọ ti pé oṣù 6. Àwọn ènìyàn máa ń sáré lọ sórí àríyànjiyàn ṣíbí àti ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú abọ́ ná, torí bí inú abọ́ bá ṣófo, ọ̀nàkọnà tí a bá gbé e gbà, òfìfo la gbé wọlé.

Ògì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ògì dára. Ó fúyẹ́, ó kan díẹ̀, ó máa ń dà lára ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo bí a ṣe ń ṣe é. A rẹ àgbàdo fún ọjọ́ 2 tàbí 3, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tó bá kọjá ni ògì. Èyí tó kù lókè aṣọ ni èèrí, a sì dà á fún ewúrẹ́. Nínú èèrí yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú èròjà amáradàgbà àti ọ̀rá àgbàdo bá lọ. Ewúrẹ́ jẹ ọlọ́ràá, ọmọ mu funfun. Lẹ́yìn náà, a tún fi omi gbígbóná pò ó kó lè ṣàn, pàápàá bó bá jẹ́ fídà la fẹ́ dà á sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi abẹ gé orí rọ́bà fídà kí ògì lè rí ọ̀nà kọjá.

Ìtàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ibi tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó ń rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Oúnjẹ àgbàdo lásán ni wọ́n ń jẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọmú. Ní 1933, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ní 1935, ó fún àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn ará Gà fúnra wọn ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò lé e. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ọmú bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì bọ́ sórí àgbàdo lásán, ewu ń bẹ.

Kí wá ni ká ṣe? Kì í ṣe kí a sọ ògì nù. Kí a fún un ní alábàárìn ni. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn olùwádìí àti àwọn ìyá jọ gbé ẹ̀kọ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ ìlera. Kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀: ògì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa, ṣúgà díẹ̀, àti ìyẹ̀fun àgbàdo híhù. Ní Oṣòdì, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO ti ṣe ògì ẹlẹ́wà sóyà. Nínú ilé tiyín, ife ògì 3 sí ife ìyẹ̀fun sóyà 1 ti dára. Kí ẹ ṣáà rí i pé sóyà náà jinná dáadáa, torí sóyà tí kò jinná máa ń da inú rú.

Mo mọ̀ pé àgbàdo híhù yẹn á ya àwọn kan lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ rẹ àgbàdo, ẹ tẹ́ ẹ títí yóò fi hu èhù, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ wá se ẹ̀kọ tó ki, èyí tí ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀. Bó bá ti lọ́ wọ́wọ́, tí kò gbóná jù, ẹ bu ìyẹ̀fun yìí bíi ṣíbí tíì kan sí i, kí ẹ rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀kọ tó ki yẹn á rọ̀, á ṣàn, láìsí pé ẹ da omi kankan sí i. Ẹ gbé e padà sórí iná kó tún hó díẹ̀ kí ẹ tó fún ọmọ. Ẹ wo àǹfààní rẹ̀: ikùn ọmọ oṣù 6 kéré, kò gbà ju bíi ife kan lọ. Bí omi bá gba àyè inú ife náà, kí ló kù fún oúnjẹ?

Èyí tó rọrùn jù láti fi dán an wò nìyí. Ẹ bu oúnjẹ ọmọ sínú ṣíbí, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá sáré ṣàn lọ bí omi, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí, tó rọra ń já bọ́, ó ti dára.

Inú abọ́ yẹn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ògì lójoojúmọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 sọ pé kí ọmọ máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́, kí ó máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ̀wà àti irú rẹ̀ sì máa wọlé lemọ́lemọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, ẹ jọ̀ọ́, àwọn olè tí ọlọ́pàá ń mú lójoojúmọ́, ẹyin mélòó ni wọ́n jẹ ní kékeré? Ẹja tútù olówó gọbọi kọ́ ni mo ń wí. Ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú edé, ṣíbí kan nínú ẹ̀kọ, ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ adìẹ tí a sè, tí a sì fọ́ kúnná. Gbẹ̀gìrì tí kò ní ata. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Ọ̀dùnkún olómi ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, epo pupa tó ń fún ojú lágbára. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí a gún. Àṣáró iṣu tí a tẹ̀ dáadáa. Ọjà ọ̀dọ̀ wa kún.

(Ìlù.)

Ó tó àsìkò báyìí. Báwo ni oúnjẹ yóò ṣe dé ẹnu ọmọ? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mẹ́ta ni mo mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni rírọ, èyí tí Màmá ṣe lórí bẹ́ǹṣì. Mo mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi yàn án. Ó yá. Oko ń dúró, ọjà ń dúró, ọmọ mẹ́rin mìíràn ń dúró. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí kò sí ìyá tó fẹ́ kí ọmọ òun sùn pẹ̀lú ebi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń bàjẹ́. Ọmọ tó ń ké, tí a ń da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, lè fa ẹ̀kọ náà gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ikọ́ burúkú ti ń wá, ọmọ sì lè bá a lọ. Ohun kejì ni pé ẹ̀kọ tó ṣàn nìkan ló ṣeé rọ. Rírọ ló ń mú wa da omi sí oúnjẹ. Ẹ kò lè rọ ẹyin, ẹ kò lè rọ ẹja. Ohun kẹta ni pé ọmọ tí a ń rọ kò mọ ìgbà tí òun yó. Àwa la sọ pé ó yó.

Ọ̀nà kejì ni ṣíbí. Ẹ gbé ọmọ jókòó, kí ó kọjú sí yín. Ẹ bu díẹ̀, ẹ gbé e súnmọ́ ètè rẹ̀, kí ẹ dúró. Ìdúró yẹn ló ṣòro fún wa. Ẹ dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ la ẹnu. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣíbí 2 tàbí 3 péré tó. Bó bá tu ú, kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ẹ. Ahọ́n tó jẹ́ pé ọmú nìkan ló mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni. Ẹ tún gbé e wá lọ́la, ẹ tún gbé e wá lọ́túnla. Oúnjẹ kan lè wá ní ìgbà 8 tàbí 10 kí ọmọ tó gbà á.

Ọ̀nà kẹta ni kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Gill Rapley ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká: kò sí ṣíbí, kò sí oúnjẹ lílọ̀, ẹ gbé oúnjẹ rírọ̀ síwájú ọmọ, kí ó mú, kí ó gbé e sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ló ń ṣe é, tí wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tí ìyá àgbà á pariwo pé, "Wọ́n fẹ́ pa ọmọ-ọmọ mi!" Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ta ló jókòó ti bàbá àgbà nídìí àwo àmàlà, tí bàbá ń fún ní òkèlè tí kò ju èékánná lọ? Ta ló di egungun adìẹ mú, tó ń fi eyín méjì tó ní họ ọ́? Ọ̀nà yẹn kò ṣàjèjì sí wa. A kàn kò fún un lórúkọ ni.

Ní orílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn olùwádìí tẹ̀lé nǹkan bí ìdílé 200. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn bí ọmọ ṣe lè fọwọ́ jẹun láìséwu, wọ́n sì ní kí ìdajì yòókù máa bá bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2016 àti 2017, oúnjẹ kò há àwọn afọwọ́jẹun lọ́fun ju àwọn oníṣíbí lọ, ìwọ̀n ara wọn kò sì yàtọ̀. Ìyẹn ni pé kò sí idán nínú ọwọ́, kò sì sí idán nínú ṣíbí.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé èwo ni kí ẹ yàn, mo ní: ẹ fi rírọ sílẹ̀, kí ẹ da méjèèjì tó kù pọ̀. Ẹ fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ ìlera àti gbẹ̀gìrì, torí ọmọ kò lè fọwọ́ mú wọn, ibẹ̀ ni agbára àti irin sì wà. Ẹ tún fi nǹkan rírọ̀ kan sí ọwọ́ rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè, iṣu, píà, mọ́ínmọ́ín tí a gé gbọọrọ bí ìka àgbà. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá fọ́, kò tíì tó ọmọ jẹ.

Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ yín kò tíì mọ ọwọ́ wẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó wẹ̀ ẹ́ fún un, kí ẹ wẹ tiyín pẹ̀lú, ọṣẹ àti omi. Ìgbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹ̀kọ tí a dà sínú fúláàsì láti àárọ̀, tó wá wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kòkòrò àìsàn ń bí nínú rẹ̀. Ẹ se èyí tí ọmọ lè jẹ tán.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ débẹ̀. Oyin: kò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu kó tó pé ọdún 1, torí ó lè ní kòkòrò kan tí májèlé rẹ̀ ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Mo mọ̀ pé a máa ń fi oyin sọmọ lórúkọ. Ẹ fi kan ètè ìyá àti ètè bàbá, kí ẹ sì gbàdúrà fún ọmọ. Iyọ̀, magí, tíì, ohun mímu inú agolo: kò sí nínú tirẹ̀. Wàrà màlúù kò gbọdọ̀ gba ipò ọmú kí ó tó pé ọdún 1. Odidi ẹ̀pà, gúgúrú, kóró agbálùmọ̀, ẹran líle, ẹja tó ní egungun: wọ́n lè há ọmọ lọ́fun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná bí òróró, tí a pò mọ́ ẹ̀kọ, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá ní ìlú òyìnbó pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà. Ní 2015, ìwádìí kan tí wọ́n fi ọmọ 640 ṣe ní London fi hàn pé àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà kò fi bẹ́ẹ̀ ní èèwọ̀ ara fún ẹ̀pà bí àwọn tí wọ́n fi dù. Ẹ fún un díẹ̀ ní àárọ̀, kí ẹ máa wo ara rẹ̀. Bí ètè bá wú tàbí tí ara bá sú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọ yín bá ti ní ifo tó le lára tẹ́lẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ọ̀fun kọ oúnjẹ àti kí ọ̀fun dí. Bí ọ̀fun bá kọ oúnjẹ, ọmọ á yọ ahọ́n, ojú rẹ̀ á pọ́n, á wúkọ́, ariwo á wà. Ẹ fara balẹ̀, ó ń yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Bí ọ̀fun bá dí, ariwo kò sí, ẹkún kò jáde, ètè ń dúdú. Ẹ dojú ọmọ bolẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ìgbà 5. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 5. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀. Bí ẹ kò bá fojú rí ohun tó há, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun.

(Ìlù.)

Ẹnìkan á ní, "Bí n kò bá rọ ọ́, kò ní í jẹun." Ìbẹ̀rù yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter, pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ìyá ló ń pinnu ohun tó wà nínú abọ́, àti ìgbà tí a ó jẹ ẹ́. Ọmọ ló ń pinnu iye tí yóò jẹ, àti bóyá yóò tilẹ̀ jẹ. Kí olúkúlùkù di iṣẹ́ tirẹ̀ mú. Ẹ máa gbé oúnjẹ fún un ní ìgbà 2 tàbí 3 lójúmọ́ láti oṣù 6 sí 8. Bó bá ti pé oṣù 9, ìgbà 3 tàbí 4, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀ láàárín. Bó bá yí orí kúrò, tó pa ẹnu pọ̀, tó ń fọwọ́ ti ṣíbí, ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ gbé abọ́ kúrò láìbínú. Yóò tún jẹun nígbà mìíràn.

Báwo lẹ ó ṣe wá mọ̀ pé èyí tó jẹ tó? Kì í ṣe nípa títẹ ikùn wò. Káàdì ìwọ̀n ọmọ ni kí ẹ wò. Ẹ jẹ́ kí inú wa dùn síyẹn, torí ilẹ̀ wa níbí ni ọ̀nà náà ti gbilẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọdé lóṣooṣù, wọ́n ń fi ìlà fa ìwọ̀n wọn sórí káàdì, ìyá sì ń gbé káàdì náà lọ sílé. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ ayé. Bí ìlà ọmọ yín bá ń gòkè, ó ń jẹun tó, ì báà ṣe ṣíbí 3 ló ń jẹ. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tètè wá bá wa, kí a jọ wo inú abọ́.

Màmá, bóyá ẹ ń gbọ́ mi níbikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ bi mí nígbà yẹn, n kò dáhùn. Ọmọ yín ga, mo rí i. Ọmú yín ló gbé e ga, àti ẹja tí ẹ yọ egungun rẹ̀ fún un, àti òru tí ẹ kò sùn. Ti ẹ̀kọ tí ẹ rọ ọ́, ó mórí bọ́ nínú rẹ̀ ni. Ẹ ò jẹ́ fi ọwọ́ yẹn kan náà gbé ọmọ-ọmọ yín jókòó sórí itan, kó kọjú sí yín? Ẹ bu ṣíbí kan, kí ẹ gbé e súnmọ́ ètè rẹ̀. Ẹ wá dúró. Yóò la ẹnu.



(Ìlù gòkè, ó sì parí.)